Rediétọ̀ Inú Páálí

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá ní, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń gbé e. Ó sọ bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí obìnrin kan bí kò ṣe sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, nítorí rediétọ̀.

1.
Àsíìsì ń fi mọ́tò kó èrò láti Ìlá-Ọ̀ràngún lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú. "Àlájì" ni gbogbo gáréèjì ń pè é. Ìlọrin ni ibi tó jìnnà jù tó tíì dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti dé Mẹ́kà.

Ìyá rẹ̀, Àmínátù, ń gbé ní Ìgbájọ, ó sì ti dàgbà gan-an. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá lọ kí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Àsíìsì, ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè mí, ìwọ ni kó o wọnú sàréè gbà mí. Má jẹ́ kí àjèjì gbé mi sílẹ̀ o."

"Màámi, ta ló tún fẹ́ gbà yín bí kò ṣe èmi?"

2.
Rediétọ̀ mọ́tò, tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù ń gbà kọjá, bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Adéníran mẹkáníìkì wò ó, ó ní kò ṣé é fi iná jó pọ̀ mọ́.

"Tòkunbọ̀ orijínà kan wà nílẹ̀. Ara irú mọ́tò yín gan-an ni wọ́n ti tú u. Ẹ gbé e wò, ó wúwo."

Àsíìsì kò fọwọ́ kàn án. "Ohun tí òyìnbó ti lò sú? Kí wọ́n máa sọ ní gáréèjì pé Àlájì ra àlòkù?"

Mọ́tò náà fúnra rẹ̀, tòkunbọ̀ ni. Táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tòkunbọ̀. Inú rediétọ̀ ni ọkùnrin náà pinnu pé iyì òun wà.

Ó tọ́ka sí òmíràn tó wà nínú páálí, tó ń dán yanran.

"Àlájì, kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò yín ló ṣe ìyẹn. Tuntun tó dáa wà, mo máa ń lò wọ́n. Èyí kọ́. Orí rẹ̀, ike fẹ́lẹ́ ni, ọ̀nà òkè lẹ sì ń gbà."

"Ṣé iye kan náà ni méjèèjì?"

"Iye kan náà ni."

"Ẹ gbé páálí wá, ọ̀gá."

Ihò bóòtù méjì kò bára mu. Adéníran fi wáyà so ó, ó ní, "Ẹ máa yẹ omi rẹ̀ wò láràárọ̀ o." Àsíìsì kò gbọ́. Ó ń wá ibi tí òun yóò gbé páálí òfìfo náà sí kí èrò lè rí i. Ẹ̀yìn mọ́tò, lábẹ́ gíláàsì, ló fi sí, bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ògiri.

3.
Ọlátúbọ̀sún, awakọ̀ bíi tirẹ̀, ló lọ ra tòkunbọ̀ tó kọ̀. Àsíìsì kò jẹ́ kó sinmi.

"Túbọ̀sún! Òyìnbó tó ni rediétọ̀ yẹn ti dé o. Ó ní o kó ẹrù òun wá!"

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọlátúbọ̀sún kàn ń nu gíláàsì rẹ̀. "Ẹ ní kó dúró sójú ọ̀nà, Àlájì. Màá gbé e níbẹ̀."

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún láti Ìgbájọ. Màmá ti kú. Lèmọ́mù ní lẹ́yìn ìrun Àìlà ni àwọn yóò sin ín.

"Ẹ dúró dè mí! Mo ti wà lọ́nà."

Àkókò ṣì tó wọn láti dé kí wọ́n tó kírun. Òun àti Jàmíátù ìyàwó rẹ̀ gbéra. Wọ́n kọjá Ọ̀tan, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Àlájì, ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn yìí ti dé ibi pupa," ni Jàmíátù wí.

"Jẹ́ n gun òkè yìí tán."

Kò gùn ún tán. Nǹkan bú gbàù níwájú, èéfín gbígbóná bo gíláàsì. Ike ti là, gbogbo omi ti dà sọ́nà.

Ta ló wá dé? Ọlátúbọ̀sún, pẹ̀lú èrò tó ń lọ sí Ìgbájọ. Ó ti gbọ́ pé Màmá kú.

"Àlájì, ẹ wọlé! Àwọn èrò á sún. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀."

Àsíìsì wo inú mọ́tò náà. Ará Ìlá ni gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló mọ páálí náà.

"Ẹ máa lọ. Tó bá ti tutù, màá lé yín bá."

"Kí ló fẹ́ tutù?" Jàmíátù kígbe. "Ìyá yín ló kú o, kì í ṣe mọ́tò!"

Àsíìsì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jàmíátù bá wọn lọ.

Àsíìsì lọ pọn omi odò, ó dà á sórí ẹ́ńjìnì tó ń hó. Ẹ́ńjìnì ké lẹ́ẹ̀kan, kò tún dáhùn mọ́. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko kó tó dá ọ̀kadà dúró.

5.
Wọ́n ti kírun Àìlà. Wọ́n ti dúró dè é títí tí Lèmọ́mù fi ní ó tó. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ẹbí tó lè wọnú sàréè, nítorí náà àwọn gende tó gbẹ́ ẹ ló gba Màmá. Ọ̀kan nínú wọn béèrè orúkọ rẹ̀ kó tó gbà á.

Ebè erùpẹ̀ pupa lórí sàréè ni Àsíìsì bá.

"A dúró, Àsíìsì," ni Lèmọ́mù wí. "Ìyàwó rẹ ní ò ń bọ̀."

Jàmíátù kò sọ fún wọn pé ọkọ òun kọ̀ láti wọ mọ́tò Ọlátúbọ̀sún. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ má torí dídán ra ohun tí ẹ̀mí àti ìrìnàjò yín dúró lé. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é, ẹ béèrè bóyá ó bá mọ́tò yín mu, kí ẹ sì gbọ́rọ̀ sí mẹkáníìkì lẹ́nu. Bí mọ́tò bá kọṣẹ́ lọ́nà, tí ẹni tí ẹ ti fi ṣẹ̀sín bá ní kí ẹ wọlé, ẹ wọlé. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì gbàgbé. Sàréè tí wọ́n bá ti dí, wọn kì í tún un ṣí nítorí ẹni tó pẹ́ dé.