Búrẹ́dì Pẹlẹbẹ

Ẹnu oníbúrẹ́dì kò fẹ́ pa dé mọ́ fún ẹ̀rín. Akọ̀ròyìn dúró tì í, èrò sì ń du búrẹ́dì pẹlẹbẹ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló dá irú búrẹ́dì yìí sílẹ̀?”

“Ìyá ọkọ mi ni.”

“Kí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ báyìí?”

“Háà, ẹ ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu wa! Àṣírí ìdílé ni.”

Bí akọ̀ròyìn ṣe jáde báyìí, oníbúrẹ́dì sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ìyẹ̀fun tuntun tó ti pò sórí àga, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó.

“Màmá, ó ti yá o!”

Ìyá ọkọ rẹ̀ pòṣé. “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rò pé tìmùtìmù ni, o wá sọ ọ́ di iṣẹ́ sí mi lọ́rùn!”

Màmá tún ìró wọn ró, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì rọra jókòó.