Lámídì Ahunṣọ Tí Kò Ráyè Dìde

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, lábẹ́ àtíbàbà kan tí òfì mọ́kànlá wà, ọkùnrin kan wà tó ń hunṣọ, Lámídì lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ yá. Aṣọ tí ẹlòmíràn ń fi ọjọ́ mẹ́rin hun, ọjọ́ méjì àbọ̀ ló fi ń parí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ yíyá ọwọ́ náà di ìgbéraga. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń dìde nídìí òfì, ọ̀lẹ ni.

Kó má baà dìde, kì í mu omi. Ó ní omi ló ń lé èèyàn lọ sẹ́yìn ilé. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, á fún ẹsẹ̀ pọ̀, á máa hun aṣọ rẹ̀ lọ títí ara á fi gbàgbé. Muníràtù ìyàwó rẹ̀ á gbé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá fún un lọ́sàn-án, á sì jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Búrẹ́dì ni yóò já sẹ́nu, á gbé e mì láìrún un kúnná. “Ewúrẹ́ ló ni ewé,” ló máa ń wí.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tí òfì tirẹ̀ kọjú sí ti Lámídì. Bàbá Àlàní ni wọ́n ń pè é, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Á hunṣọ díẹ̀, á dìde, á mu omi, á rìn dé ìdí igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn àtíbàbà, á sì padà. Bó bá fẹ́ jẹun, á gbé iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, á máa rún oúnjẹ lẹ́nu bí ẹni tí kò níbi í lọ.

Lọ́jọ́ kan, Lámídì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹfà tí ẹ máa dìde lónìí rèé. Ṣé aṣọ lẹ̀ ń hun ni, àbí igi lẹ̀ ń ṣọ́?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Inú mi ló ń pè mí, Lámídì, mo sì ń dá a lóhùn. Bí inú bá pe èèyàn títí tí kò dáhùn, á dákẹ́. Ọjọ́ tó bá máa tún fọhùn, èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ.”

Lámídì kò bímọ ju ẹyọ kan lọ, obìnrin ni, Sìdíkátù. Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ yìí ku ọ̀sẹ̀ méjì, Lámídì ní òun fúnra òun ni yóò hun sányán tí ọmọ òun máa ró. Ó wá jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, kò tíì yàgbẹ́ rárá, ikùn rẹ̀ sì ti le bí òkúta.

“Bàbá Sìdí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù,” Muníràtù bẹ̀ ẹ́.

“Tí mo bá hun èyí tán,” ló fi dá a lóhùn.

Dípò kó lọ, ó ra àgbo tí wọ́n fi ń fọ inú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó sì mu ìlọ́po méjì. Kàkà kí inú rẹ̀ rọ̀, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ó bì, ó ṣubú lé aṣọ tó ń hun. Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ìgbẹ́ tó ti gbẹ ti dí ìfun rẹ̀, oògùn tó sì lò ti dá kún un. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì bi í pé, “Bàbá, ife omi mélòó lẹ máa ń mu lójúmọ́?”

Ọjọ́ ìgbéyàwó kò dúró dè é. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà nígbà tí wọ́n ń so yìgì ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Sìdíkátù àti ọkọ rẹ̀ wá kí i. Sányán náà ni ọmọ ró. Lámídì fọwọ́ kan aṣọ náà, ó rí ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ dé, ó sì rí ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

“Ta ló parí rẹ̀?”

“Bàbá Àlàní ni.”

“Nígbà tí wọ́n pe bàbá ìyàwó, ta ló dáhùn?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n yín ni, bàbá mi. Bàbá Ràfíù ló dúró fún yín.”

Lámídì kọjú sí ògiri. Gbogbo ojú abẹ tó ń dùn ún, kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Oṣù kẹta ló tó padà sídìí òfì. Ó kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Àlàní. Bàbá ní, “Mo gbọ́ ìdúpẹ́ rẹ. Dìde, lọ mu omi ná.” Láti ọjọ́ náà, Lámídì ń mu omi, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ó ń rún oúnjẹ kúnná, kì í sì í dá ìgbẹ́ dúró mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó tẹ́lẹ̀, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Omi, ewé, ìrìn díẹ̀, àti kéèyàn tètè dáhùn nígbà tí ara bá pè é: kékeré ni gbogbo rẹ̀ lójú. Ẹni tó bá ní òun kò ráyè fún wọn, àìsàn yóò gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tó ṣọ̀wọ́n jù láyé rẹ̀ ni yóò gbà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.