Ọjọ́ tí Àgbà Odídẹ Wọlé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ti Ìbídùn aránṣọ fún yín. Ìkìrun ló ń gbé. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ìwàǹwára rẹ̀ kò kéré. Ìrẹsì tí kò tíì jinná, á ti bù ú sáwo.

Ìbídùn ní ọmọ odídẹ kan tó ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu ẹyẹ yìí kì í sinmi. Oníbàárà tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Tẹ́ẹ́rẹ́ á kí i pé, "Ẹ káàbọ̀ o."

Ó ṣe díẹ̀, àwọn aládùúgbò rí àgbà odídẹ kan nínú ilé tí ẹni tó ni ín ti kó kúrò. Wọ́n ti fa gbogbo ìkóóde ìdí rẹ̀ tu, wọ́n ti ta ìkóóde náà, ebi sì ti han ẹyẹ náà léèmọ̀. Àánú ṣe Ìbídùn, ó gbà á sọ́dọ̀. Mo kí i fún ìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Bó ti gbé e délé báyìí, inú kéèjì Tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi í sí. Ó ní, "A kì í ya oúnjẹ àlejò sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jẹ, kíá ni wọ́n á mọwọ́ ara wọn." Inú rere ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ èèyàn ti dá lóró kì í tètè mọ inú rere. Àgbà ẹyẹ bu Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ lẹ́sẹ̀, ó sá sí igun, kò sì fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò tíì jẹun, Ìbídùn bú sẹ́kún.

"Màmá, á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ìbídùn, ọjọ́ tí wọ́n mú ọ dé ilé ọkọ, ṣé ọjọ́ náà lara rẹ balẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Ẹkún ni mo sun mọ́jú."

"Ó dáa. Fún òun náà láyè."

Ìbídùn ra kéèjì mìíràn, ó gbé e sí ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé àgbà ẹyẹ sínú rẹ̀. Ó ń fi ẹyìn pupa sí i lẹ́nu ọ̀nà kéèjì, ó ń mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ń padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ẹyẹ náà bá jẹun láìgbọ̀n, á sún kéèjì náà mọ́ ti Tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Bó bá gbọ̀n, á dá a padà sẹ́yìn. Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé ni o! Ìbídùn tí kò lè dúró de ìrẹsì. Ẹ ò rí i pé ó tó ẹni à ń yìn?

Ní gbogbo àkókò yìí, àràárọ̀ ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ń kí àgbà ẹyẹ, àgbà ẹyẹ kò dáhùn rí.

Nígbà tí kéèjì méjèèjì wá fara kanra, Ìbídùn ṣílẹ̀kùn wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àgbà ẹyẹ rọra jáde, ó dúró ti Tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹrí ba kí Tẹ́ẹ́rẹ́ lè bá òun họ ọrùn. Tẹ́ẹ́rẹ́ họ ọ́ tán, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o."

Ẹyẹ tí kò sọ̀rọ̀ rí nínú ilé náà lanu, ó ní, "Ẹ kú ilé o."

Aṣọ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn ló fi nu ojú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ń wọlé bọ̀ ló ń kí ará ilé bẹ́ẹ̀. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ara ẹyẹ náà nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ yẹn lòun fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tí ìyà ti jẹ fọkàn tán yín, ẹ má kán an lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.