Titus Ará Russia

Fóònù wà láàárín èjìká àti etí ìyá náà, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo tí yóò fi dín ẹja ń gbóná lórí iná.

"Mummy, èmi àti Titus ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane," Tòún ọmọ rẹ̀ wí. "Láti Russia ló ti wá o!"

"Apá ibo ní Russia?"

"Abúlé kan létí òkun. Yìnyín ló bo gbogbo ibẹ̀, kò sọ́nà mọ́tò. Ẹja pípa ni gbogbo wọn fi ń jẹun."

Inú ìyá dùn dẹ́yìn. Omi tútù níí mú ẹja lọ́ràá!

"Ṣé ojú ẹ̀ ń dán?"

Tòún rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ó ń dán gan-an."

"Ṣé ó lọ́ràá?"

"Mummy, allow it, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ó sanra díẹ̀."

"Tètè máa bọ̀ jàre!" Ìyá yọrí lójú wíńdò, ó ké sí Àsúmáù aládùúgbò rẹ̀: "Titus ń bọ̀ o! Gbé abọ́ wá!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Tòún wọlé, òyìnbó gìrìwò onírùngbọ̀n kan tẹ̀lé e. Òyìnbó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ma. Èmi ni Titus, àfẹ́sọ́nà Tòún."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Kó tó la ẹnu, Àsúmáù ti já wọlé tòun ti abọ́.

"Titus dà? Orí ẹ̀ ni tèmi o! Mi ò fẹ́ ìrù!"

Ojú òyìnbó tàn yanran. Tòún ti kọ́ ọ pé orí ni àwọn àgbà máa ń gbé ọwọ́ lé bí wọ́n bá fẹ́ súre fún ọkọ ọmọ wọn. Ó ṣí fìlà, ó na orí síwájú.

"Àmín, Ma!"