Òkúta Sàréè Lachlan

"Ẹ rọra o, Màmá, ẹ má lọ ha orí baba ńlá wa bó!"

Màmá rẹ́rìn-ín sí àwàdà ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní itẹ́ òkú kan létí òkun, ní erékùṣù Cape Breton, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha koríko wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ òkúta sàréè. Orúkọ nìkan ló hàn níbẹ̀. Lọ́la, ìran àwọn tó ti Scotland wá tẹ ìlú wọn dó á pé jọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan á sì fi baba ńlá rẹ̀ yangàn. Ta ló tó Lachlan, baba ńlá tiwọn? Ẹ̀yìn ló fi gbé tìyá tọmọ kọjá odò tó kún àkúnya! Lachlan karùn-ún ni ọmọ tó dúró tì í yìí, eléyín gbọọrọ.

"Baba ńlá rẹ lo fi eyín jọ," ni Màmá máa ń wí.

Koríko ṣí. Màmá kà á, ó tún un kà: "Lachlan, ẹṣin wa àtàtà."

"Kí ni wọ́n kọ, Màmá?"

Màmá sáré tẹ koríko padà sójú òkúta.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lágbára tó o."

"Ṣé ẹ rí i!" Lachlan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín yọ síta.

Màmá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Jọ̀ọ́, ọkọ mi, má rẹ́rìn-ín lọ́la."