Nà Án Dáadáa

Nà-án-dáadáa ni àwọn aláìsàn ń pe obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé nílé ìwòsàn kan. Bí apá ẹnìkan bá gan, tí onítọ̀hún ń bẹ̀bẹ̀ pé ó tó, á ní, "Kò tíì tó. Nà án dáadáa." Kì í fi "ẹ" kún un fún àgbà tàbí ọmọdé. Ọdún méjìdínlógún ló ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu tí kò padà wá dúpẹ́.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Apá-Irin dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un léjìká ọ̀tún. Olùkọ́ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n irin gbígbé ló gbà á lọ́kàn. Ọgọ́rùn-ún kílò ló ń gbé kọjá orí kí iṣan tó já sí i lára. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó ń kí agbálẹ̀, ó ń kí aṣọ́nà, kì í sì í gbóhùn sókè bó ti wù kí ara máa ro ó tó. Ìyàwó ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, máa ń tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n fẹ́ tú aṣọ tí wọ́n fi so ọwọ́ ọkùnrin náà kọ́ ọrùn, ọmọ náà béèrè bóyá bàbá òun ò lè máa wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

"Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni," Apá-Irin wí. Nà-án-dáadáa rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó ní tiẹ̀ béèrè pé, "Mà, ṣé agbára ẹ̀ á padà wá?"

"Á padà."

"Bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Á jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá ràn mí lọ́wọ́."

Oṣù méjì àkọ́kọ́ wọ́ bí ìgbín. Apá-Irin ò lè gbé ife dẹ́nu. Ìyàwó ẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un, òun ló ń gé ẹran fún un nínú àwo. Iṣẹ́ yẹn ì bá sọ ẹlòmíì di egungun, ṣùgbọ́n ńṣe lẹ̀rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ ń yọ. Ó dirun, ó ń wọ aṣọ alápá péńpé, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Nà-án-dáadáa ní àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ọkọ ló ń mú wọn dán.

Ní oṣù kẹta, nǹkan dúró. Rọ́bà gbọọrọ tó ní kí Apá-Irin máa fà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ sọnù. Ó fún wọn ní òmíràn, ìyẹn náà já. Ìwé tó ya ìdárayá sí bọ́ sómi ọṣẹ. Nà-án-dáadáa bá ní kí ọkọ dúró síta, ó pe ìyàwó jókòó.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọkọ yín sàn ni?"

Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ, mà. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kó tún gbé irin? Tó bá ti lè jẹun, tó lè kọ̀wé sójú pátákó, ṣé ìyẹn ò tó?"

"Kò tó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kì í wo èèyàn sàn láàbọ̀."

Obìnrin náà la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Apá-Irin kan ilẹ̀kùn, ó yọjú, ó ní ṣé kò sí o. Ìyàwó ẹ̀ panu dé.

"Ẹ ṣé, mà," ló sọ.

Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà ò ti gbélé, Nà-án-dáadáa fi ìyàwó rọ́pò ẹ̀. Ó ní kó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà mú, kó takú, kí ọkọ máa tì í. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́, kí ìyàwó sì máa kà á sókè. Apá-Irin rọra tì í.

"Kì í ṣe ẹyin," Nà-án-dáadáa wí. "Nà án dáadáa."

Ó tì í títí ẹ̀yìn ìyàwó ẹ̀ fi kan ògiri. Obìnrin náà ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ò sọnù mọ́. Ní oṣù kẹfà, Apá-Irin gbé ọ̀pá irin lófìfo. Ní oṣù keje, ó gbé ọgọ́ta kílò. Bí ọkọ ṣe ń lágbára sí i ni ìyàwó ń rù. Nà-án-dáadáa ní àárẹ̀ ló ń jáde lára ẹ̀, kó máa sùn dáadáa.

Ní oṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Apá-Irin pè é sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé irin. Ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún kílò ló wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e dé àyà, ó dúró síbẹ̀, apá ń gbọ̀n. Tí iṣan yẹn bá tún já, kò sí abẹ́rẹ́ tó máa rán an mọ́. Nà-án-dáadáa ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé nà án, nà án. Apá náà nà gbọọrọ lókè orí, kò yẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Nà-án-dáadáa di ìyàwó mú léjìká. "Iṣẹ́ tiyín náà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ bá mi fún un lágbára."

Obìnrin náà fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí Nà-án-dáadáa tó wọ aṣọ iṣẹ́ tán, ìyàwó Apá-Irin wọlé lóun nìkan, ojú òsì ti wú dí, èjìká ti yẹ̀ kúrò nípò, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà, ọwọ́ ọkọ mi ti sàn."