Òpó Rédíò Tí Wọ́n Fi Ìkánjú Gbé Ró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ bá mi kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí nǹkan ń lọ déédéé fún, àmọ́ tí ojú ń kán yín.

1.
Ìyàndá ló dá ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan sílẹ̀ ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá méjì péré ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpó tó ń gbé ohùn wọn jáde sì wà lórí òrùlé. Ohùn náà kò kọjá Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọnù, ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ń sáré lọ láti kéde rẹ̀. Ganiyat, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kì í pa rédíò tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìyẹn ò tó Ìyàndá. Ó fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ òun ní Snake Island lódìkejì omi, kí àwọn ọ̀gá ńlá Àpápá GRA náà máa gbọ́ òun nínú mọ́tò wọn. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti gbé òpó ga sí i. Títí débẹ̀, kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n kó tó ra irin kan ṣoṣo, ó ti bọ́ sórí afẹ́fẹ́:

"Ẹ̀yin ará Snake Island, tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, bí ẹ ò bá gbọ́ mi, ẹ má pè mí ní Ìyàndá mọ́!"

2.
Sylvanus, ẹnjiníà wọn, gun òrùlé lọ wò ó.

"Ọ̀gá, ilé yìí ò lè gbé òpó gíga. Ilẹ̀ la máa gbẹ́, ká da kankéré sí i, kó gbẹ dáadáa, ká tó gbé òpó lé e, ká sì fi wáyà dè é yíká. Ẹ fún mi lóṣù kan."

"Oṣù kan kẹ̀? Mo ti sọ Sátidé!"

"Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ ti yí padà."

"Kí n di onírọ́ lórí rédíò ara mi? Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, Sylvanus."

Sylvanus kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ìyàndá pe wẹ́dà kan, ó ní kó jó irin mẹ́ta mọ́ òpó orí òrùlé. Wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dè é.

3.
Sátidé pé, fóònù dún. Apẹja kan ló ń pè láti Snake Island: "Oga, we dey hear una clear!" Ìyàndá sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ayọ̀ náà fi wà. Lọ́jọ́ kejìlá, nírọ̀lẹ́, ìjì òjò dé. Kaothar, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn, wo ìta lójú fèrèsé, ó rí i tí wáyà òpó ń fì.

"Ọ̀gá, òpó yẹn ń mì o. Ẹ jẹ́ kí n kéde, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ jáde."

"Kí wọ́n wá máa sọ pé òpó wa ò lágbára? Jókòó, máa bá ètò lọ."

Ó jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wáyà já. Òpó náà wó, ó ya páànù ṣọ́ọ̀bù Ganiyat wọlé. Àwọn oníbàárà méjì rí ọ̀nà sá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ganiyat ni irin bọ́ lé. Nígbà tí àwọn èèyàn fi máa wọlé, rédíò orí tábìlì rẹ̀ ń dún ṣììì, kò sí ohùn kankan níbẹ̀ mọ́.

4.
Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ rédíò pa. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́rin kan sọnù ní Boundary. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fẹsẹ̀ wá a kí wọ́n tó rí i.

Ìyàndá lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ganiyat ní ọsibítù. "Dárí jì mí."

Obìnrin náà yíjú sí i. "Bọ̀ọ̀dá Ìyàndá, ẹ ń wá ẹni tó máa gbọ́ yín lódìkejì omi. Èmi tí mò ń gbọ́ yín lójoojúmọ́ ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n jáde?"

Kaothar pàápàá ò lè gbàgbé. "Máìkì wà níwájú mi," ló máa ń sọ. "Gbólóhùn kan péré ni mi ò sọ."

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti dá ọjọ́, tí iṣẹ́ ò sì tíì pé, ẹ yí ọjọ́ padà. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani. Bí ẹ bá sì rí ewu, ẹ má wo ojú ọ̀gá, ẹ pariwo. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.